Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Da Ọ̀dà Dúdú Sábẹ́ Ìjàpá Yẹn

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ring Road, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé ìdajì wákàtí, tó jẹ́ pé kíkà lẹ máa ń ka ètò wa lórí fóònù, mo rí yín. Ọ̀rọ̀ tòní rèé ní kíkọ.

Fọ́ìsì nóòtì kan wọlé láti Agbowó. Bàbá ẹni tó fi ránṣẹ́ fi Volkswagen Ìjàpá sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ náà ti wà nínú ọgbà ilé wọn ní Bódìjà, lábẹ́ igi máńgòrò, láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè lẹ́yìn àga awakọ̀, ó rí koríko. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: láti inú ọkọ̀ ló ti rí koríko tó hù sílẹ̀. Páńẹ́ẹ̀bítà tó pè wá wò ó ní kó má mikàn, òun á fi páànù kékeré lẹ ojú ihò náà, òun á da ọ̀dà dúdú sí i lábẹ́, ó parí, ọjọ́ kan ni iṣẹ́ náà. Ó wá ń béèrè pé ṣé kí òun sanwó.

Àbúrò mi, má tíì san án. Mi ò sọ pé ọ̀gá yẹn ò mọṣẹ́ o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ fẹ́ gan-an nìyẹn: kó yá, kó má wọ́n, kó dúdú minijọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà dúdú kì í pa ìpẹtà. Tí ìpẹtà bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ńṣe ni ọ̀dà ń bò ó láṣìírí, tí ìpẹtà á máa jẹun lọ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò ti tó o.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fẹ́ fò mí kọjá báyìí, wọ́n ní Corolla làwọn ń wà, kí ló kan àwọn kan Ìjàpá. Ẹ dúró ná. Ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn máa ń ta sábẹ́ ọkọ̀, ó sì máa ń mú kí irin tètè jẹ. Tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá dé Kútọnu tàbí Èkó, tí ẹnìkan fọ̀ ọ́, tó fi ọ̀dà tuntun pa á lábẹ́, ẹ̀yin lẹ máa rà á gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní. Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ yìí, á wúlò fún yín.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìjàpá. Ọdún 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Òjó, l'ọ́nà Àgbádárìgì. Ọdún yẹn kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Kàdúná. Láàárín Ìjàpá àti 504, ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ka gbogbo ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ ìlú yìí, láti Sẹkitéríàtì títí dé ilé àwọn olùkọ́ Yunifásítì. Kárí ayé, Ìjàpá tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 21, oṣù Keje ọdún 2003 ni wọ́n sì ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Puebla, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ohun tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò tíì tán láyé. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé lílẹ̀ ló kù.

Bí wọ́n ṣe ṣe Ìjàpá yàtọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ dá wà, bọ́dì rẹ̀ dá wà. Irin gbọọrọ kan wà láàárín ilẹ̀ náà bí eegun ẹ̀yìn, wọ́n wá jó páànù ilẹ̀ méjì mọ́ ọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bọ́dì jókòó lé gbogbo rẹ̀ lórí, bóòtù ló so wọ́n pọ̀, rọ́bà sì wà láàárín wọn yíká. Irin tí àga awakọ̀ ń fà síwá-sẹ́yìn lórí rẹ̀, orí páànù ilẹ̀ yẹn ni wọ́n jó o mọ́. Inú eegun ẹ̀yìn yẹn ni páìpù epo bẹntiróòlù gbà kọjá láti táńkì iwájú lọ sí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn.

Nítorí náà, ilẹ̀ tó jẹrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹsẹ̀ á tutù lásán. Ẹ rò ó wò: ẹ ń bọ̀ láti Challenge, ọlọ́kadà kan já síwájú yín, ẹ tẹ búrèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Ibi tí àga yín dì mú ni irin tí ọ̀dà nìkan gbé ró. Ti 504 tiẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà kan, nítorí pé ilẹ̀ àti bọ́dì rẹ̀ jẹ́ ara kan náà. Kò sí pé ẹ tú ọ̀kan kúrò lára èkejì. Bí ilẹ̀ ṣe ń rọ̀, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rọ̀.

Kí ló tiẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí irin? Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pàdé. Àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi epo pa àdá kí wọ́n tó fi pamọ́: epo ò jẹ́ kí omi dé ara irin. Ẹ tún gbójú sókè wo òrùlé ìlú yìí, láti Mápó lọ sí Ọ̀jẹ́, bó ṣe pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí wọ́n kàn án. Wọ́n fi síńkì bo irin páànù yẹn ni, ìdí tí a tiẹ̀ fi ń pè é ní síńkì nìyẹn. Síńkì ló ń kọ́kọ́ jẹ dípò irin. Ìgbà tí síńkì bá tán ni páànù á pọ́n. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ síńkì yẹn, mo máa padà sí i.

Tí ìpẹtà bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń wú, àyè tó ń gbà ju ti irin tó jẹ lọ. Bó ṣe ń wú ló ń ti pẹ́ńtì àti ọ̀dà kúrò lójú irin. Ó sì rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ nínú bíi kànìnkànìn, ó ń fa omi mu. Ẹ wá da ọ̀dà lé kànìnkànìn tó ti mumi yó. Omi inú rẹ̀ ò rọ́nà jáde mọ́. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú omi tó ń ba ilẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ kì í ti abẹ́ wá. Òkè ló ti ń wá, láti inú ọkọ̀, ó jókòó sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà tí wọ́n dà sábẹ́ á wá di àwo tó gbé omi náà dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, ó dúdú, ó ń dán. Lọ́jọ́ kan, gìgísẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ lọ ni.

Ẹni tó ń gbé ní Lẹ́kì lè fẹ̀sùn kan òkun. Àwa ò lókun n'Ìbàdàn. Omi òjò la ní, pẹ̀lú omi àwọn ọmọ kááwọ́ọ̀ṣì àti omi ẹja. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹja yìnyín tí ẹ gbé sẹ́yìn ọkọ̀ láti ọjà, omi tó ń kán lára rẹ̀ níyọ̀ nínú. Àwọn ọmọ kááwọ́ọ̀ṣì ní tiwọn, tí ẹ ò bá kìlọ̀ fún wọn, wọ́n á tẹ omi sínú ọkọ̀ bí ẹni ń fọ báńkà, wọ́n á gbá a jáde, wọ́n á gba owó. Fóòmù tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì á wà ní tútù fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí àgbàrá wọnú ọkọ̀ wọn ní Omíyalé ọdún 1980, àti àwọn ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, mọ ohun tí mò ń sọ: ọkọ̀ á gbẹ lójú, ẹrẹ̀ á ṣì wà nínú àwọn irin oníhò ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀, á máa fa ọ̀rinrin mọ́ra.

Òjò ló kù. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ẹ tó náwó kankan lé ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Ẹ ní kí ẹnìkan máa da omi díẹ̀díẹ̀ sórí gíláàsì iwájú, kí ẹ̀yin jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù yín. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ibi tó bá kọ́kọ́ tutù á sọ fún yín. Rọ́bà gíláàsì ló máa ń jẹ̀bi lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé oòrùn wa ti sè é gbẹ, ó ti sán. Lẹ́yìn ìyẹn ni rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: omi òjò máa ń wọnú ilẹ̀kùn ọkọ̀ lójoojúmọ́ láti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ihò kéékèèké sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn tó yẹ kó gbà jáde. Tí ewé máńgòrò àti erùpẹ̀ bá dí ihò yẹn, omi á gun òkè, á sì wá ọ̀nà wọnú ọkọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa fi tú u. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Fún Ìjàpá, ẹ gbé àga ẹ̀yìn. Bátìrì wà níbẹ̀, lápá ọ̀tún. Ásíìdì tó ń yọ lára bátìrì fún ogójì ọdún ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló burú jù nínú ọkọ̀ náà. Ẹ fi baking soda, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe kéèkì, pò mọ́ omi, ẹ dà á síbẹ̀. Tó bá ti ń hó, ásíìdì ṣì wà. Tí kò bá hó mọ́, ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Nígbà tí ẹ bá sì ń dá bátìrì padà, ẹ rí i pé ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Irin sípíríǹgì àga ẹ̀yìn máa ń kan orí bátìrì tí èèyàn tó wúwo bá jókòó. Iná ló ń dá sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe àwàdà.

Ó wá kan iṣẹ́ gan-an. Gbogbo àga, kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn pátákó ọlọ́dà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kí ariwo má baà pọ̀, ẹ há wọn kúrò pẹ̀lú. Wọ́n ti sán, omi sì ti wọ abẹ́ wọn. Ẹ wá mú sukudíráfà, ẹ máa fi ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀ náà kiri. Irin tó ṣì lágbára á dún gbì-n-gbìn. Èyí tó ti kú á dún pọ̀ bíi pátákó tó jẹrà, ẹnu sukudíráfà á sì wọlé tí ẹ bá tì í. Ẹ fi òòfà kan gbogbo ibi tó bá tẹ́jú jù. Òòfà kì í gbá ọ̀dà tàbí body filler mú. Ibi tí òòfà bá ti jábọ́, ẹnìkan ti fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, òòfà kékeré kan nínú àpò yín, ẹ gbọ́.

Ibi tó bá ti lu, kí wẹ́dà gé e kúrò títí dé ibi tí irin ti mọ́. Kó má lẹ páànù tuntun lé orí èyí tó ti jẹ, nítorí àárín méjèèjì ni omi á máa sùn. Páànù òrùlé ò lè ṣe é, ó fẹ́lẹ́ jù. Ẹ béèrè fún gauge 18, tó tó mílímítà kan lé díẹ̀ ní ìnípọn. Kó jó o yíká láìfi àlàfo sílẹ̀, kì í ṣe kó kàn tọ́ ọ níbi mẹ́rin kó sì fi ọ̀dà dí èyí tó kù. Kó tó tan iná, ẹ tú bátìrì, kí ẹ rántí páìpù epo tó wà nínú eegun ẹ̀yìn yẹn, kí ohun ìpaná wà nítòsí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ̀gbẹ́ tí jáàkì ń wọ̀ nínú Ìjàpá wà lára àwọn ibi tó máa ń jẹrà, ó lè já wọlé.

Ìpẹtà ojú lásán tí kò tíì lu irin, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà ń pè ní filing machine lẹ máa fi há a títí irin á fi funfun. Ẹ bo imú, ẹ bo ojú, eruku ọ̀dà àtijọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú. Èyí tó bá fara pamọ́ sínú kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì ò dé, oògùn ìpẹtà tó ní phosphoric acid nínú lè yí i padà. Àwọn kan á ní kí ẹ da Coke sí i. Òótọ́ ni pé ásíìdì yẹn wà nínú Coke, àmọ́ kò tó nǹkan, ṣúgà rẹ̀ ni èèrà á sì wá jẹ. Ẹ mu Coke yín.

Láti ìgbà tí irin bá ti funfun, ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́jú láìfi nǹkan bò ó. Nínú ọ̀rinrin wa yìí, ilẹ̀ á mọ́, ó ti pọ́n. Epoxy primer ni mo fẹ́ràn jù fún ilẹ̀ ọkọ̀, èyí tó jẹ́ agolo méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, nítorí pé ó máa ń dì mọ́ irin pinpin. Ẹ pò ó bí ara agolo ṣe wí, kì í ṣe bí ojú ṣe rí i. Èyí tó ní síńkì nínú náà dára, ẹ ti mọ ìdí. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà á fi red oxide pa á, wọ́n á ní ó tó. Kò tó. Red oxide lásán ṣì ń jẹ́ kí omi gbà á kọjá, pẹ́ńtì gbọ́dọ̀ bò ó.

Lẹ́yìn primer ni ẹ tó máa dí ojú ìsopọ̀, gbogbo ibi tí irin kan ti pàdé irin mìíràn, nínú àti lóde. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra gidi. Sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ bẹ́sínì, tó ń rùn bíi fínígà, ẹ má jẹ́ kó dé ara ọkọ̀ yín. Òórùn fínígà yẹn, ásíìdì ni, ó ń jẹ irin, pẹ́ńtì ò sì ní mú un. Èyí tó jẹ́ polyurethane, tí wọ́n ṣe fún ojú ìsopọ̀ ọkọ̀, ni kẹ́ ẹ béèrè ní Aráròmí ní Gate. Ẹ fi pẹ́ńtì bò ó lókè lódò. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ tó wúlò, pàápàá èyí tí wọ́n fi rọ́bà pò, nítorí òkúta títì tó ń ta lù ú. Àbúrò mi l'Ágbowó, ọ̀gá yẹn ò ṣì sọ nípa ọ̀dà. Ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ló fẹ́ fi ṣáájú. Àwọn ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀, kí ó má fi ọ̀dà dí wọn o. Bí wọ́n bá ní rọ́bà lẹ́nu, rọ́bà tuntun ni kó wọ̀ ọ́.

Ẹnìkan ti kọ ọ́ sí wa pé condemned oil ni bàbá òun máa ń dà sábẹ́ ọkọ̀, ó sì pẹ́. Mo gbà. Ọgbọ́n epo ara àdá náà ni. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ rọ́bà, ó ń kán sílẹ̀ ọgbà yín, kò sì dára fún awọ ara. Fún inú àwọn irin oníhò tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé, ìda tí wọ́n ṣe fún un, tí wọ́n ń fọ́n wọlé, ló sàn jù.

Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ fóònù, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ bá páńẹ́ẹ̀bítà yín ṣàdéhùn kí owó tó yí ọwọ́ padà: kó má ṣe bo ohunkóhun títí ẹ ó fi ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò irin funfun, fọ́tò primer, fọ́tò ojú ìsopọ̀, kí ọ̀dà tó dé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, mo fẹ́ máa rí i bí iṣẹ́ ṣe ń lọ", kì í ṣe bí ẹni mú olè. Ẹ sì pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà bí iṣẹ́ ṣe pín. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í bínú sí fọ́tò.

Ní ti àsìkò, òjò yìí ni kẹ́ ẹ lò láti fi wá ibi tó ń jò. Iṣẹ́ pẹ́ńtì àti dídí, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, tí fóòmù àti irin lè gbẹ dénú. Bí ihò bá ti wà lábẹ́ àga tàbí nítòsí rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ títí dìgbà yẹn. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ kó kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde sóòrùn, ẹ ṣí gíláàsì rẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Tí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ má yára lẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú góòmù. Ẹ kàn tẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ lè máa ṣí i wò lẹ́yìn òjò ńlá mẹ́ta àkọ́kọ́.

Àbúrò mi, fi fọ́tò abẹ́ àga ẹ̀yìn yẹn ránṣẹ́ sí wa, lápá ọ̀tún, kó o tó dá ọ̀gá náà lóhùn. Ibẹ̀ la máa fi mọ̀ bóyá páànù kékeré ló fẹ́ tàbí gbogbo ilẹ̀ apá kan.